Ìpè Ilé Tí Mo Dí Láago Mẹ́rin

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà dé nílé kí wọ́n tó mú mi wá sí Abidjan, n kò sì tún wọ ilé ìwé mọ́ láti ìgbà náà. Bíbélì àti ìwé orin ìjọ ni mo fi ń rántí bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta kókó, ẹ bá mi tú u. N kò kọ ìwé sí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí.

Ẹ má bèèrè orúkọ mi. Ọdún méje ni mo ti fi ohun kan sínú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọkùnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ yóò gbé Bíbélì lọ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, yóò sì búra lórí ohun tí èmi ṣe. Ẹ̀rù ń bà á láti búra. Èmi ni mo fi ẹ̀rù náà sí i lára.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà. Mo ń jókòó ti kábìn kan ní Anoumabo, ìyẹn ilé pákó kékeré tí fóònù kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Àwa Anàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, púpọ̀ nínú wa kò tíì ní fóònù àpò. Bí ará ilé bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, wọ́n á pe kábìn, wọ́n á dárúkọ ẹni tí wọ́n ń wá, wọ́n á sọ aago tí wọn yóò tún pè. Èmi á wá lọ kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún pé kó wá jókòó dè é. Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn torí pé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú máa ń tì mí. Títí di òní, bí ènìyàn mẹ́ta bá wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, mo lè gbàgbé orúkọ bàbá mi.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan máa ń wá sí kábìn náà. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí, wọ́n bí i sí Abidjan, ó kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Treichville. Bọ̀ọ̀dá Délé dàgbà kó tó ti ilé wá, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Adjamé, ní apá Roxy. Bí ó bá pa ìsọ̀ dé, gìtá ló kù. Wọn kì í pàdé kí wọ́n má bú ara wọn. Bọ̀ọ̀dá Délé á ní Yorùbá Rẹ̀mí dà bí ìrẹsì tí kò jinná. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí á ní Faransé Délé ni ọlọ́pàá fi ń mú un lójú ọ̀nà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ ra búrẹ́dì jẹ.

Orin tí Bọ̀ọ̀dá Délé ń kọ ni wọ́n ń pè ní bulúùsì. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pé orin ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ni. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á tún un sọ bákan náà, ìlà kẹta á wá dá a lóhùn. Bọ̀ọ̀dá Délé ń kọ tirẹ̀ ní Yorùbá. N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni tó ń sunkún tó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ẹkún náà.

Ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní apá òkè orílẹ̀-èdè yìí ni Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí ní àwọn yóò gba gbọ̀ngàn kan, kí Délé wá kọ orin náà níwájú ènìyàn. Ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má rìn lóru, nítorí náà aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi eré náà sí. Àwọn ènìyàn ní ta ló ń kọrin lọ́sàn-án gangan? Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí dáhùn pé ìbànújẹ́ kì í wo aago.

Ìgbà náà kò dára fún àjèjì. Aládùúgbò ń ṣọ́ aládùúgbò. Bí Anàgó mẹ́rin bá dúró jọ, ẹnì kan á bèèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí tẹ àfíìṣì, ìwé ńlá tí a máa lẹ̀ mọ́ ògiri, èmi sì ń fi ìyẹ̀fun gbágùúdá se lẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí a bá lẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ti ya á kí ó tó di ọ̀sán. A kò mọ ẹni tó ń ya á. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí fura sí onígbọ̀ngàn. Bọ̀ọ̀dá Délé fura sí olórin mìíràn kan. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ilẹ̀ máa ń dúró ní òdìkejì kábìn mi láìra nǹkan kan, èmi sì fura sí i. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn pákó náà mọ́ra bí mo bá ń pín tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ fún eré náà tọkàntọkàn. Mo gbé ìwé pélébé rẹ̀ lọ sí ìjọ mẹ́rin àti ọ̀dọ̀ àwọn onídìrí. Nítorí ìtìjú, mo máa ń fi ìwé náà sórí tábìlì kí n sì sá jáde. Ṣùgbọ́n mo lọ. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí ní bí èyí bá yọrí, òun yóò gba ọ́fíìsì, òun yóò máa ṣètò eré fún olórin púpọ̀, èmi ni yóò sì máa dáhùn fóònù níbẹ̀. Ó ní, “Petite,” ìyẹn ọmọ kékeré ní Faransé, “inú yàrá tó ní amúlétutù lo máa wà. Ohùn ẹ nìkan ni wọ́n á máa gbọ́, ẹnikẹ́ni ò ní rí ojú ẹ.” Kò sí ẹni tó tíì ronú irú ohun rere bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó ṣáájú Sátidé náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù dún. Ọkùnrin kan láti ilé ni. Ó bèèrè bóyá mo mọ Délé onígìtá. Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ó ní, “Má sọ fún òun fúnra rẹ̀ o. Wá àgbà kan nínú àwọn ará wa níbẹ̀. Kó wá dúró dè mí láago mẹ́rin. Àgbà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.”

Mo bi í bóyá àlàáfíà ni. Ó ní:

“Ìyá rẹ̀ ni.”

Ìlà já.

Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí èyí jẹ́? A kì í pe ọmọ lórí fóònù kí a sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kú. Àgbà ni a ń wá. Àgbà á wọlé tọ̀ ọ́, á bi í bóyá ó ti jẹun, á sọ ìtàn ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rí i ní kábìn yẹn tí wọ́n ní kí n má sọ fún onítọ̀hún, kí n wá àgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, òkú ni. Bẹ́ẹ̀ ilé kò sì pe Bọ̀ọ̀dá Délé rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti gbà nínú ọkàn mi pé ìyá ti kú.

Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro èrò burúkú. Mo ní bí ó bá gbọ́ lónìí, ó máa wọ ọkọ̀ lọ́la, kò sí eré mọ́, kò sí ọ́fíìsì mọ́. Mo ní ẹni tó ti kú kò ní ibi kankan tó ń lọ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Kó kọrin tán ní Sátidé, lọ́jọ́ Àìkú èmi fúnra mi á lọ bá Bàbá Olórí, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí ó lọ tú u fún Bọ̀ọ̀dá Délé bó ṣe yẹ. Mo tilẹ̀ sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí yà wá. Ó fẹ́ pe àwọn oníréédíò kí wọ́n bá wa kéde eré náà. Mo ní kó padà wá láago mẹ́rin gan-an. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aago tí ilé bá máa pè, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fóònù náà. Ó padà wá láago mẹ́rin, ó ń bẹ oníréédíò, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó lò tó ìdajì wákàtí. Tantí Amenan, obìnrin tó ń ta atiéké, oúnjẹ gbágùúdá wọn níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábìn mi, ń wò wá láti ìdí abọ́ rẹ̀. Ní Tọ́sìdeè, láago mẹ́rin, mo gbé etí fóònù kúrò lórí rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí gèlè mi kí ó má dún. Ní Fúráìdeè mo ti kábìn pa, mo lọ lẹ àfíìṣì.

Àwọn ènìyàn wá sí eré náà. Wọn kò kún gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Mo dúró lẹ́yìn, lára ògiri. Bọ̀ọ̀dá Délé kọ orin márùn-ún, ó nu ojú, ó wá ní èyí tó kàn jẹ́ ti ìyá òun.

Mo kan ilẹ̀kùn, ìyá ò dáhùn.
Mo tún kàn án, ìyá ò dáhùn.
Bóyá ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí ìlà kẹta, wọ́n ṣàtẹ́wọ́. Èmi ń sunkún. Mo ń rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn pé ìyá kò lè dáhùn mọ́. Nígbà tí eré parí, ó wá bá mi níbi tí mo wà, ó ní, “Àbúrò, ìwọ nìkan ni orin mi wọ̀ lára.”

Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ sí ilé Bàbá Olórí. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń jẹun, àlejò wà lọ́dọ̀ wọn. Mo padà. Lọ́jọ́ Ajé mo tún lọ, mo tún padà. Mo ń wá bí n ó ṣe ṣàlàyé ọjọ́ mẹ́ta náà, n kò rí i.

Ní Tọ́sìdeè, ọkùnrin kan tó ru báàgì dé iwájú kábìn. Eruku ọ̀nà ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó bèèrè ilé Délé onígìtá. Bó ṣe lanu ni mo ti mọ ohùn náà. Àbúrò ìyá Bọ̀ọ̀dá Délé ni. Mo mú un lọ síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn méjèèjì ń sọ bí eré kejì yóò ṣe rí. Ọkùnrin náà kò wá àgbà kankan mọ́. Ó jókòó, ó ní, “Délé, ìyá rẹ sùn lọ́jọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́.”

Ọjọ́ Ajé. Mo kà á lórí ìka mi. Mo tún un kà.

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Délé ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ ìyá rẹ̀ nílé. Nígbà tó fi dùùrù sílẹ̀ gbé gìtá, ìyá lé e jáde, ó ní òun kò fẹ́ rí ojú rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Nígbà tí àìsàn dé, ìyá ní òun fẹ́ rí ọmọ òun. Ó ní bí òun bá ránṣẹ́ fúnra òun, Délé kò ní wá, nítorí ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí i. Ó ní kí wọ́n wá àgbà kan ní Abidjan tí yóò bá òun bẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ní àgbà. Láti Wẹ́sìdeè títí di òwúrọ̀ Ajé ni ìyá náà fi ń bèèrè bóyá ọkọ̀ Abidjan ti dé.

Ẹ̀yin ènìyàn, ọ̀nà ọjọ́ méjì ni. Bí mo bá ti sọ ọ́ ní Wẹ́sìdeè, ì bá bá a láàyè.

Bọ̀ọ̀dá Délé kò sunkún. Ó bèèrè pé ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà nawọ́ sí mi, ó ní ó dà bí ohùn ọmọ yìí ni, òun sì tún pè láago mẹ́rin, ẹnì kan ti wà lórí fóònù.

Gbogbo wọn wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí ni mo sọ fún. Wọ́n ní àwọn á wá àgbà.”

Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí ní, “Èmi? Ìgbà wo?” Kò tilẹ̀ bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọ nù. Bọ̀ọ̀dá Délé ránṣẹ́ pe Tantí Amenan, wọ́n bi í ní ẹni tó wà lórí fóònù láago mẹ́rin ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Obìnrin náà sọ ohun tó rí. Ó ní Rẹ̀mí ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó parí síbẹ̀. Ta ni yóò rò pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ lè purọ́?

Ní ọjọ́ kejì Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní orí òun kún lọ́sẹ̀ yẹn, oníréédíò, onígbọ̀ngàn, àfíìṣì tí wọ́n ń ya, òun kò sùn dáadáa. Ó ní, “Petite, sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní bínú. Ṣé o sọ ọ́ fún mi, tí mo gbàgbé?”

Ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ó ṣí i fún mi gbayawu. Mo wo ilẹ̀, mo ní, “Ẹ ti gbàgbé ni.”

Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi, èyí ni kì í jẹ́ kí n sinmi. N kò kàn fi ẹ̀sùn kàn án. Mo mú kí ó gbà á gbọ́.

Láti ìgbà náà àwọn méjèèjì kò jọ jẹun mọ́. Bọ̀ọ̀dá Délé gbé gìtá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí kò ṣètò eré kankan mọ́, kò sì sí ọ́fíìsì. Kábìn náà ti di ìgbàgbé, fóònù wà lápò gbogbo ènìyàn. Mo ń bá ìyá kan ta aṣọ ní ọjà ńlá Treichville. Ṣùgbọ́n n kò ní ìsinmi. Bí Tantí Amenan bá kí mi lọ́nà tó gùn díẹ̀, mo máa ń wá ohun tó wà lẹ́yìn ìkíni náà. Bí Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí bá wo ojú mi pẹ́, mo máa ń rò pé ó ti rántí. Ó máa ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí mi lọ́dún Kérésìmesì. N kò mọ̀ bóyá oore ni tàbí ìdẹkùn. Mo ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfura.

Lánàá, lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ṣèpàdé. Bàbá Akọ̀wé ti darúgbó, wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí gba ipò rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Délé dìde. Ó ní ẹgbẹ́ kò lè fi ìwé àti ìròyìn tó ń ti ilé wá sọ́wọ́ ẹni tó fi ìròyìn àìsàn ìyá òun pamọ́ nítorí eré. Ariwo sọ. Bàbá Olórí ní kí Rẹ̀mí wá búra lórí Bíbélì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà kú.

Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, màá búra pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́. Àmọ́ bóyá wọ́n sọ fún mi tí mo gbàgbé, ìyẹn ni mi ò mọ̀.”

Bàbá Olórí ní, “Rẹ̀mí, ìbúra kì í ní bóyá.”

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí jókòó níwájú mi. Oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ. Ó fa aṣọ ọkọ rẹ̀ pé kó jókòó, kó jẹ́ kí wọ́n fi ipò náà fún ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin lẹ́yìn mi ń sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí kò bá búra, ó jẹ̀bi, bí ó bá sì búra tí nǹkan kan ṣe ọmọ inú yẹn, a ti mọ̀. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí gbọ́ wọn. Mo rí i pé ó gbọ́. Síbẹ̀ ó ní òun yóò búra.

Èmi ni mo ń pín omi fún àwọn àgbà. Mo gbé tíréè náà kalẹ̀, mo jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Délé ni kí n kọ́kọ́ lọ, ẹni tí mo gba ojú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí, ẹni tí mo ba iyè rẹ̀ jẹ́? Kí ni ènìyàn ń sọ fún ẹni tó pàdánù ìyá nítorí pé ẹlòmíràn fẹ́ jókòó sínú yàrá tútù? N kò sọ pé kí ẹ má bú mi. Ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bú mi tán, ẹ sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi. N kò fi ìkà ṣe é. Mo rò pé òkú ni. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò tó.

Ìrọ̀lẹ́ àná, ọjọ́ Ajé, ni mo kọ gbogbo èyí tó wà lókè, kí n tó kọ àbọ̀ rẹ̀ yìí.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ sọ́jà, mo yà sí ìsọ̀ Bàbá Akọ̀wé. Télọ̀ ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé wà tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ nípàdé sí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ orúkọ mi. Wọ́n dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, wọ́n wò mí láti òkè ìgò ojú wọn. Wọ́n ní lórí kí ni? Mo ní lórí ìyá Bọ̀ọ̀dá Délé.

Wọ́n fa ìwé náà sún mọ́ra. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó dára, àwọn yóò fi mí sí ìparí, lẹ́yìn tí Rẹ̀mí bá ti búra tán.

Mo ní, “Rárá, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí ṣáájú rẹ̀.”

Wọ́n fa ìlà kan sí òkè orúkọ Rẹ̀mí, wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mo dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ tán, mo dúpẹ́, mo lọ ṣí ìsọ̀.